Oṣù Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Títa Ilé: Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ sí Gbé Inú Ọkọ̀ ní Àríwá Èkìtì

Tọkọtaya tó fẹ̀yìn tì, tó bá ta ilé wọn ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tí wọ́n ra bọ́ọ̀sì, tí wọ́n tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ máa gbé e káàkiri, sábà máa ń rò pé owó àti ẹ́ńjìnì ni yóò kọ́kọ́ fún wọn níṣòro. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n tà ju bíríkì àti páànù lọ. Ilé ló ń jẹ́rìí ẹni. Báǹkì ń béèrè àdírẹ́sì, ọlọ́pàá ń béèrè ibi tí à ń gbé, ojú ilé náà sì ni àwọn ará àdúgbò fi ń mọ ọmọ tí a bí àti àlejò tó wá kí wa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ra ilé lọ́wọ́, ẹ̀rí yẹn bá kọ́kọ́rọ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí orí yìí fi yé yín ni pé iṣẹ́ oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe kí ẹ rìn jìnnà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kó ẹ̀rí tuntun jọ láti ìlú dé ìlú, àríwá Èkìtì sì dára fún un gan-an: Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tó wà láàárín wọn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbòmíràn kí ẹ lè mọ ohun tí a kò ní. Ní Bírítéènì tàbí Amẹ́ríkà, ẹni tó ń gbé inú ọkọ̀ lè wakọ̀ wọ ọgbà tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò sanwó, yóò rí omi, iná mànàmáná àti ibi tí yóò da ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sí, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé ọmọ ta ni. Orí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà wọn dúró lé. Ẹni tó bá gbé ìmọ̀ràn wọn wá sí ojú ọ̀nà Ìfàkì sí Òmùò yóò rí i, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, pé kò sí ohun tí yóò fi ṣe. Àgbàlá ni tiwa: àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, iwájú ààfin, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi, ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì kékeré, ilé epo tó ní ọlọ́dẹ, agboolé ìbátan. Kò sí ìlú tí ẹ kò ti ní rí wọn, ṣùgbọ́n owó nìkan kò ṣí ẹnubodè wọn. Ẹnu ló ń ṣí i, àti orúkọ ẹni tí a lè dá.

Àwọn tó ti rìn jìnnà ṣáájú yín jẹ́rìí sí èyí. Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún 2022, kí ó lè kówó jọ fún ìjà tí ẹgbẹ́ Rotary ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà. Pẹ̀lúmi Nubi dá wa ọkọ̀ Peugeot 107 kékeré kan láti London, ó sì dé Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 2024 lẹ́yìn oṣù méjì àti díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìgboyà wọn ni àwọn èèyàn ń yìn, ó sì tọ́ sí wọn. Ohun mìíràn ni mo rí níbẹ̀. Adéyanjú ní ẹgbẹ́ Rotary lẹ́yìn. Nubi ń fi ìrìn rẹ̀ han àìmọye èèyàn lórí ẹ̀rọ ayélujára, débi pé àwọn tí kò rí i rí ti mọ orúkọ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ọkọ̀ àjàgbé tó dúró sójú ọ̀nà ní Côte d'Ivoire, tó sì farapa, kì í ṣe àjèjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni jàǹbá yẹn bá. Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì kò ní irú òkìkí bẹ́ẹ̀, wọn kò sì nílò rẹ̀. Èèyàn bíi mélòó kan ní ìlú márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí wọ́n lè gbé fóònù kí wọ́n sọ pé “mo mọ̀ wọ́n,” ti tó.

Ìdí tí mo fi yan àríwá Èkìtì ni bí àwọn ìlú ibẹ̀ ṣe súnmọ́ra. Títì kan bẹ̀rẹ̀ láti Ìfàkì, ó gba Ọ̀yẹ́ àti Ìtàpá dé Ìkọ̀lé, ó sì ń bá a lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Isu àti Òmùò kó tó wọ ìpínlẹ̀ Kogí. Òmíràn yà láti Ìfàkì sí Ìdó, ó forí lé Ọ̀tùn lẹ́bàá ààlà Kwara. Ẹni tó bá gbéra lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ní ọ̀kan nínú wọn yóò dé èkejì kí oòrùn tó kàn án lórí. Nítorí náà, ẹni tó gbà yín lálejò ní Ìkọ̀lé mọ ẹnì kan ní Ọ̀yẹ́ fúnra rẹ̀: ọmọ ìyá, àna, ẹni tí wọ́n jọ ṣe tíṣà, olùṣọ́àgùntàn ìjọ kan náà. Bí ẹ bá ti Ìkọ̀lé fò lọ sí Jọs, okùn yẹn já. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, tó ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé, tún ti jẹ́ kí àjèjì mọ́ àwọn ará ìlú méjèèjì lára. Akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ ń gbé láàárín wọn, wọ́n ń yá yàrá, wọ́n ń kó wọlé, wọ́n ń kó jáde. Bọ́ọ̀sì tó ní kọ́tìnnì kò lè kó ìpayà bá wọn bí yóò ṣe kó o bá abúlé tí àlejò kì í dé. Fún àwọn tó ti dàgbà, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó ṣe pàtàkì ju gbogbo òkè àti odò tí ẹ fẹ́ lọ wò lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kì í dúró sínú ilé tí a tà. Ẹ lọ ṣí fáìlì níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba oògùn tí yóò tó yín lò.

Ọ̀nà tí à ń gbà tọrọ ibi ìdúró ni ọ̀gangan ọ̀rọ̀ yìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹ wọ ìlú kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù. Àlejò ni wọ́n ń pe ẹni tó dé ní ọ̀sán. Ẹni tó dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ ń da ilé rú, ẹni tó bá sì bá ní àgbàlá náà nígbà yẹn lè má láṣẹ láti gbà á. Ẹ má wakọ̀ wọnú àgbàlá kí ẹ tó béèrè. Ẹ gbé e síta, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ fẹsẹ̀ rìn wọlé, nítorí ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń wá ibi tí yóò sùn máa ń fa ìfura tí tọkọtaya kì í fà. Ẹ kí ẹni tí ẹ bá bá bí ó ti yẹ, kí ẹ sì béèrè bàbá tàbí màmá tó ni ibẹ̀. Ẹ má ti orí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ: orúkọ, ìlú àti agboolé tí wọ́n ti bí yín, iṣẹ́ tí ẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó júwe ibẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ óò wá sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, inú ọkọ̀ wa la máa sùn, a kò ní wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Alẹ́ méjì péré la fẹ́ lò. Omi wa wà lọ́wọ́ wa, ibi ìgbọ̀nsẹ̀ wa náà wà nínú ọkọ̀.” Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ń dáhùn ohun tí onílé ń rò tí kò lè fẹnu sọ: ṣé wọn kò ní di ẹrù sí mi lọ́rùn, ṣé wọn kò ní pẹ́ jù, ṣé wọn kò ní ba ibí jẹ́.

Bí wọ́n bá ti gbà, ẹ béèrè ẹni tó yẹ kó gbọ́ pé ẹ wà níbẹ̀. Nínú ìlú kan baálé àdúgbò ni, nínú òmíràn alága àwọn lánlọ́ọ̀dù, níbòmíràn àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn. Ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń sá fún èyí. Wọ́n rò pé bí ẹni tó mọ̀ bá ṣe kéré tó ni ààbò ṣe pọ̀ tó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń ṣọ́ òru, ọkọ̀ tí ọlọ́dẹ mọ̀ ni ó ń bá yín ṣọ́; èyí tí kò mọ̀, òun gan-an ni yóò máa ṣọ́. Nípa owó, bí kì í bá ṣe òtẹ́ẹ̀lì ni ẹ wà, ẹ má nawọ́ owó sí onílé bí ẹni ń sanwó yàrá. Ó lè kà á sí ìwọ̀sí. Ẹ ra iṣu, ẹyin tàbí epo pupa lọ́wọ́ àwọn ará ilé, ẹ jẹ iyán nílé oníyán àdúgbò, ẹ fún ọlọ́dẹ ní nǹkan láàárọ̀, kí ẹ sì fi ti ilé ìjọsìn sínú àpótí wọn. Ẹ kúrò lọ́jọ́ tí ẹ dá, bí wọ́n tilẹ̀ ń bẹ̀ yín kí ẹ dúró, nítorí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ nínú ohun kékeré yìí ni wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kí olùgbàlejò yín pe ẹnì kan ní ìlú tó kàn níṣojú yín. Ìpè ìṣẹ́jú méjì yẹn ni ẹ̀rí tí mò ń sọ láti òkè wá.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì lè sọ pé ọ̀rọ̀ agboolé kò kan òun. Òótọ́ ni pé yóò ṣòro fún un díẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Àmọ́ ó ní ìjọ tó ń lọ, ó ní ilé ẹ̀kọ́ tó jáde, ó ní àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìjọba. Àwọn tó jáde ní Christ's School, Adó-Èkìtì, tó ti wà láti 1933, ti tàn ká ibi gbogbo, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní ẹnì kan tó padà wá gbé ìlú rẹ̀. Èèyàn kan péré ni ẹ nílò ní Ìkọ̀lé. Òun ni yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ààbò, n kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ tì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2024, àwọn agbébọn pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà ní ìhà Ìpaò, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé yìí gan-an. Ọba kẹta tó wà pẹ̀lú wọn ló rí ọ̀nà sá lọ. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ gbé nínú bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀múrè, ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Bí wọn kò bá bojú wo adé, kí ni yóò dá wọn dúró lára tọkọtaya inú bọ́ọ̀sì? Ẹni tó béèrè báyìí kò ṣàṣejù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ojú ọ̀nà ni ìkọlù méjèèjì ti ṣẹlẹ̀. Ìrìn ló léwu ju ìdúró láàárín ìlú lọ, pàápàá lójú ọ̀nà tó dá, tí igbó wà lọ́tùn-ún lósì, sí ìhà ààlà Kogí àti Kwara. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìrìn kúkúrú lójú títì tí ọkọ̀ ń ná dáadáa, láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, sọ́dọ̀ ẹni tó ń retí yín tí yóò sì pariwo bí ẹ kò bá dé. Ẹni tí kò ní olùgbàlejò lè sọnù fún ọjọ́ méjì kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀nà Ìpaò, Òkè-Àkò àti àwọn abúlé tó kángun sí ààlà sílẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá máa dé ibẹ̀ nígbà tó yá, ẹ béèrè lọ́wọ́ Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn awakọ̀ gáréèjì Ìkọ̀lé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò tó gbára lé. Ẹ má sì rìn lóru rárá. Ọkọ̀ àjàgbé tó kú sójú títì láìtan iná kò yàtọ̀ sí agbébọn fún ẹni tó sáré wọ abẹ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn kò ta ilé torí kí àwọn máa yí Ìkọ̀lé ká. Kùtọnu, Akrá àti aṣálẹ̀ ni àwọn fẹ́ rí. Mo gbọ́ wọn, n kò sì sọ pé kí wọ́n má lọ. Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn bẹ́ẹ̀dì sí yóò fi àbùkù rẹ̀ hàn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́: òrùlé yóò jò níbi tí wẹ́dà kò ti dí i, réwáyà yóò ti so okùn iná kan pọ̀ mọ́ èyí tí kò yẹ, ẹrù yóò wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan títí táyà yóò fi jẹ. Ó sàn kí ẹ rí gbogbo ìyẹn níbi tí mẹkáníìkì tó mọ bọ́ọ̀sì àwọn èrò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ owó epo náà tún wà níbẹ̀. Lítà bẹntiróòlù kan kò tó igba náírà ní ilé epo ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2023. Lẹ́yìn tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29 oṣù náà pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin, ó kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, ó sì tún ń gòkè lẹ́yìn náà. Tọkọtaya tí kò tíì mọ iye tí ọkọ̀ wọn ń mu kò lè ṣètò ìrìn àjò Akrá. Ìrìn kúkúrú oṣù kan yóò sọ ọ́ fún wọn láìná wọn ní owó púpọ̀. Kì í sì í ṣe ìyà ni ìrìn náà: Ìrè, ìlú tí gbogbo awakọ̀ tó ń bọ Ògún mọ̀, kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́ rárá.

Lórí ohun èlò, n kò ní pẹ́, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ń náwó sí jù ni. Bátìrì olómi 12 fóòtì tó jẹ́ 100 Ah ní nǹkan bí 1,200 Wh nínú, ìdajì rẹ̀ péré sì ni kí ẹ máa lò bí ẹ kò bá fẹ́ kó tètè kú. Fáànù kékeré 20 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ gba 160 Wh. Gílóòbù àti fóònù kò gba tó bẹ́ẹ̀. Sólà kan lórí òrùlé yóò dá a padà lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn. Ẹ lè fi fíríìjì sílẹ̀ ní àdúgbò tí ọjà pọ̀ tó báyìí. Ohun tí ẹ nílò ni kẹ́ẹ̀gì omi oní-25-lítà méjì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pa oògùn sí, àti ìkòkò ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ìdérí tó dí dáadáa. Ìta ni kí ẹ ti máa dáná. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ tàbí sítóòfù eléèédú nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀; afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára wọn kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Gíláàsì dúdú kò dára fún irú ọkọ̀ yìí: òfin ti kà á léèwọ̀ láìgbàṣẹ láti 1991, ọlọ́pàá tó bá sì rí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn gíláàsì dúdú yóò bi yín ní ìbéèrè tó pọ̀. Kọ́tìnnì tí ẹ óò fà ní alẹ́ tó. Bí ẹ bá ti yí àwọ̀ ọkọ̀ padà, tàbí tí ẹ sọ ọkọ̀ èrò di ibùgbé, ẹ jẹ́ kí ìwé ọkọ̀ bá ohun tí ojú rí mu kí ẹ tó kúrò ní ìlú.

Ọ̀rọ̀ ìdílé ló kù, òun náà sì wà lára ẹ̀rí. Àwọn mọ̀lẹ́bí yóò sọ pé ẹ ti di aláìnílé, àwọn kan yóò sì béèrè bóyá gbèsè ni. Kò yẹ kí ẹ bínú sí wọn, nítorí ohun kan náà tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sọ: wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti wá yín mọ́. Bí ilé tí ẹ fẹ́ tà bá jẹ́ ti ìdílé, ẹ má tilẹ̀ dábàá rẹ̀ láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé fọwọ́ sí i, torí ilé ẹjọ́ lè fagi lé irú títà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ tiyín, òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ó tó di ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá tà á, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má gbé gbogbo owó náà sínú ọkọ̀ àti epo. Ẹ fi díẹ̀ ra ilẹ̀ kékeré tàbí kí ẹ yá yàrá kan tó ní àgbàlá tó gba bọ́ọ̀sì ní Ìkọ̀lé, níbi tí ilẹ̀ ṣì rọjú ju ti Èkó lọ. Ẹ fi orúkọ yín sí ara ògiri rẹ̀, kí báǹkì àti àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ní ibi tí wọn yóò kọ̀wé sí. Àwọn kan yóò ní ìyẹn ti ba ìdí tí a fi ta ilé jẹ́. Kò bà á jẹ́. Yàrá kan kò nílò ọlọ́dẹ àti àtúnṣe olóṣooṣù bíi ilé oníyàrá mẹ́fà tí àwọn ọmọ ti kúrò níbẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí olùgbàlejò ní Ọ̀yẹ́ lè sọ pé, “Ará Ìkọ̀lé ni wọ́n, mo mọ ilé wọn.”

Nígbà tí oṣù náà bá pé, tí ẹ bá ti sùn ní Ìkọ̀lé, Ìtàpá, Ọ̀yẹ́, Ìfàkì àti Ìdó, tí ẹ sì ti tún ibi tó ń jò ṣe, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún yín. Ti Òmùò lọ sí Kábà, ti Ọ̀tùn lọ sí Ìlọrin, méjèèjì gba ìhà ààlà tí mo ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ní ẹni tó mọ ọ̀nà náà dáadáa nínú ọkọ̀. Ti gúúsù ni kí ẹ gbà: ẹ bá Ìfàkì sọ̀kalẹ̀ sí Adó, kí ẹ yà sí ìwọ̀ oòrùn lọ sí Ìkógósì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ẹ pe ibùdó ìgbafẹ́ náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ọkọ̀ láti sùn mọ́jú nínú ọgbà àti iye tí wọ́n ń gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bi olùgbàlejò yín ní Ìdó pé ta ló mọ̀ ní Aramọkọ tó wà nítòsí ibẹ̀.